Magnẹ́síọ̀mù àti rare earth: bí agbára ṣe ń wọ inú àdàlù, àti bí a ṣe ń pàdánù rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi rare earth ṣe àdàlù magnẹ́síọ̀mù sábà máa ń béèrè pé, "Ìdá mélòó ni kí n fi sí i?" Ìbéèrè kejì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ni pé: èwo nínú wọn? Ṣé ó máa yòrò tán nígbà tí ooru bá mú un? Ṣé o sì máa fún un láàyè láti tún jáde bó ṣe yẹ lẹ́yìn náà? Ibi tí rare earth bá jókòó sí nínú mẹ́tàlì ló ń pinnu agbára, ju iye tí a dà sínú ìkòkò lọ.

Ìdílé mẹ́tàlì 17 ni rare earth: scandium, yttrium (Y), àti àwọn 15 tó bẹ̀rẹ̀ láti orí lanthanum (La) dé lutetium. Nínú iṣẹ́ magnẹ́síọ̀mù, àwọn tí ọwọ́ ń kàn jù ni Y, La, cerium (Ce), neodymium (Nd) àti gadolinium (Gd). Àmì wọn la ó máa lò láti ìsinsìnyí lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́tàlì

Átọ́ọ̀mù magnẹ́síọ̀mù to ara wọn ní ìpele-ìpele, bí ìdì káàdì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Ti ìdì káàdì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á yọ̀ lórí ara wọn wẹ́rẹ́. Bí magnẹ́síọ̀mù ṣe ń tẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọgbọ́n tí à ń dá láti mú un lágbára kò ju kí a wá ohun tó máa dènà ìyọ̀ náà.

Wo AZ91, àdàlù tó wọ́pọ̀ jù, tí alùmíníọ̀mù 9% àti síńkì 1% wà nínú rẹ̀. Èérún líle tó ń jáde nínú rẹ̀ ni Mg17Al12. Ó pẹlẹbẹ, ó sì sùn gbalaja sáàárín àwọn káàdì wọ̀nyẹn, ìhà kan náà tí wọ́n kọ sí lòun náà kọ sí. Ìyọ̀ á kàn gba òkè rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ooru bá tún ti ń kọjá nǹkan bí 120 °C, èérún yìí fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Y, Nd àti Gd kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èérún tiwọn náà pẹlẹbẹ, kò sì ju nanomítà mélòó kan ní ìnípọn, ṣùgbọ́n ṣe ló dìde dúró ṣánṣán, ó gún àwọn káàdì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìṣó. Kò sí bí ìpele kan ṣe máa yọ̀ tí kò ní kọlù ú. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba èérún Nd fi lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èérún AZ91 ò lè ṣe. Wọn kì í sì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtẹ̀léra kan wà tí wọ́n ń gbà, tí àwọn onímọ̀ ń kọ báyìí: β″, β′, β1, β. β′ àti β1 la fẹ́. Bó bá ti di β tó tóbi, tó sì jìnnà síra, ìyọ̀ ti rí àlàfo gbà nìyẹn, agbára á sì máa lọ sílẹ̀.

Ce àti La ní tiwọn kì í fẹ́ yòrò. Nígbà tí mẹ́tàlì bá ń dì, ààlà àárín àwọn hóró (ègé kéékèèké tí mẹ́tàlì ń pín sí bó ṣe ń dì) ni wọ́n máa ń sá lọ, wọn á sì ta bí àwọ̀n yí hóró ká. Àwọ̀n yìí kì í jẹ́ kí hóró rọra fà lórí ara wọn nígbà tí ẹrù bá wà lórí mẹ́tàlì fún ìgbà pípẹ́ nínú ooru. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun kan fún agbára inú òtútù. Bó bá wá nípọn jù, ojú ọ̀nà tí mẹ́tàlì máa gbà sán ló dà yẹn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tó yàtọ̀ pátápátá, ó sì jẹ́ ti àwọn tó ń tẹ mẹ́tàlì di páànù. Bí o bá fi ẹ̀rọ tẹ magnẹ́síọ̀mù lásán, gbogbo hóró rẹ̀ á kọjú sí òkè. Páànù bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé ká láìsán. Fi bíi 0.2% Ce tàbí Nd sí i, átọ́ọ̀mù wọn á lẹ̀ mọ́ ààlà hóró, wọn á fà á sẹ́yìn. Hóró tuntun tó bá jáde nígbà tí o bá tún gbé e gbóná á kọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún, páànù á sì ṣeé tẹ̀. Níbí yìí, kíún ló ń ṣiṣẹ́. Àfikún lórí rẹ̀ kò ní mú un sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíyan èyí tó bá iṣẹ́ mu

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lórí ògiri ilé iṣẹ́ ni ti ìyòrò, ìyẹn iye tí magnẹ́síọ̀mù líle lè gbé mì nígbà tí ooru rẹ̀ bá ga jù lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ce kò dé 1%, La kò sì dé e. Nd jẹ́ nǹkan bí 3.6%. Y lé díẹ̀ ní 12%. Gd dé nǹkan bí 23.5% ní 548 °C, àmọ́ tó bá di 200 °C, bíi 3.8% péré ló máa ń kù. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà gbígbóná àti ti tútù yìí ni èérún ti ń jáde. Ibi tí kò bá sí àlàfo, bí o sè é fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó máa jáde.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló máa fi agbára ti mẹ́tàlì yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù irin, tí o kàn fẹ́ kó fara da ooru 150 °C, AE44 tó (alùmíníọ̀mù 4%, àkópọ̀ Ce àti La 4%). Fún ohun tí a dà sínú mọ́ọ̀dù iyanrìn, tó máa ṣiṣẹ́ dé nǹkan bí 250 °C, WE43 ni: Y 4%, Nd pẹ̀lú àwọn yòókù bíi 3%, zirconium 0.5%. Bó bá jẹ́ agbára ló ká ọ lára jù, tí wíwúwo díẹ̀ kò bá ba iṣẹ́ jẹ́, lọ bá Gd 10% pẹ̀lú Y 3% àti zirconium 0.5%. Bí o bá ṣe é bó ti yẹ, ó lè kọjá 350 MPa (òṣùwọ̀n agbára mẹ́tàlì) kó tó já, nígbà tí WE43 máa ń wà ní àyíká 250 MPa.

Ìròyìn kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ní 2001, Kawamura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi Mg97Zn1Y2 (ìwọ̀n átọ́ọ̀mù nìyẹn, tó bá jẹ́ ti òṣùwọ̀n, síńkì jẹ́ bíi 2.5%, Y bíi 6.8%) gba 610 MPa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó sì tún nà dé 5%. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lúbúlúbú tí wọ́n mú dì lójijì, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tì jáde di ọ̀pá, ni wọ́n lò. Má retí rẹ̀ láti inú mọ́ọ̀dù iyanrìn.

Àwọn kan wà tí kì í bára wọn gbé. Zirconium àti alùmíníọ̀mù á so pọ̀ nínú ìkòkò, wọn á sì rì, o ti pàdánù méjèèjì. Mánganíìsì àti sílíkọ́ọ̀nù náà ń ṣe zirconium bẹ́ẹ̀. Y tàbí Gd tí a bá dà sínú AZ91 á gbá alùmíníọ̀mù mú, á di Al2Y tàbí Al2Gd. Èérún ńláńlá lèyí máa ń jẹ́, kò sì ní sí Y tó ṣẹ́ kù láti yòrò. Ìnáwó òfo gbáà ni.

Ìṣirò fún kílò 10

Má da Y tàbí Nd ògidì sínú ìkòkò. Y kì í yọ́ títí di 1,500 °C ó lé, atẹ́gùn sì máa ń tètè bà wọ́n jẹ́. Àdàlù àṣáájú ni kí o lò, èyí tí wọ́n ti fi magnẹ́síọ̀mù pò sílẹ̀, tí rare earth jẹ́ 30% nínú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni: ìwọ̀n tí o fẹ́, pín in sí 0.30, kí o tún pín in sí ìdá tó máa ń yè nínú ìkòkò tìrẹ. Fún Y 4%, Nd 2.4%, Gd 0.6% àti zirconium 0.5%, bí Y tó ń yè bá jẹ́ 90%, tí Nd àti Gd jẹ́ 95%, tí zirconium sì jẹ́ 50%:

- àdàlù Mg-30Y: kílò 1.481
- àdàlù Mg-30Nd: kílò 0.842
- àdàlù Mg-30Gd: kílò 0.211
- àdàlù Mg-30Zr: kílò 0.333
- magnẹ́síọ̀mù ògidì: kílò 7.133

Àpẹẹrẹ ni ìdá tó ń yè yẹn o. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Yọ́ ẹ̀ẹ̀kan, gbé ègé rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kẹ́míkà, kí o sì fi èsì tún ìṣirò ṣe. Má jẹ́ kí ti zirconium yà ọ́ lẹ́nu: magnẹ́síọ̀mù yíyọ́ kò lè gbà ju nǹkan bí 0.6% lọ, púpọ̀ nínú ohun tí o dà sí i á sì lọ sí ìdí ìkòkò.

Inú ìkòkò

Ìkòkò irin lásán ni kí o lò. Irin aláìdípẹtà tó wọ́pọ̀ ní nickel bíi 8%, magnẹ́síọ̀mù á sì jẹ nickel yẹn mì. Bí nickel bá ti kọjá 0.002%, tàbí tí irin kọjá 0.005%, omi iyọ̀ á jẹ mẹ́tàlì náà bí ẹni ń jẹ ìrẹsì, bó ti wù kí rare earth inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Omi ni ọ̀tá. Ẹ̀kán omi kan lábẹ́ magnẹ́síọ̀mù yíyọ́ á di háídrójìn lójú ẹsẹ̀, ìkòkò á sì bú. Gbogbo irinṣẹ́, ọ̀pá, ṣíbí àti àdàlù àṣáájú gbọ́dọ̀ ti gbóná kọjá 150 °C kí wọ́n tó kan mẹ́tàlì. Bí iná bá sọ, má da omi sí i, má sì fọ́n CO2 sí i, nítorí magnẹ́síọ̀mù ń jó nínú CO2 náà. Ìyẹ̀fun pípa iná mẹ́tàlì, èyí tí wọ́n kọ D sí lára, ni kí o gbé sítòsí, kó sì ti wà ní ṣíṣí.

Ohun tí o fi bo ojú mẹ́tàlì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Iyọ̀ ìbòjú tí wọ́n máa ń lò fún AZ91 kún fún MgCl2 (iyọ̀ magnẹ́síọ̀mù àti kílórínì). Nínú àdàlù Y, ìjà á bẹ̀rẹ̀: 2Y + 3MgCl2 → 2YCl3 + 3Mg. Y rẹ á wọ inú ìdàrọ́, o sì máa rò pé àdàlù àṣáájú ni kò dára. Lo argon tó ní SF6 tàbí HFC-134a díẹ̀ nínú. Bí o bá lè yẹra fún SF6, yẹra: bó ṣe ń mú ayé móoru tó ìlọ́po 23,500 ti CO2.

1. Tan iléru, jẹ́ kí ìkòkò pọ́n díẹ̀, kí o tú gáàsì sí i fún ìṣẹ́jú 10. Fi magnẹ́síọ̀mù ògidì sí i, kí o yọ́ ọ dé 720 °C.
2. Gbá ìdàrọ́ ojú rẹ̀ kúrò. Gbé ooru dé 750 °C, fi Nd àti Gd sí i, lẹ́yìn náà kí o fi Y sí i. Má jù wọ́n síbẹ̀. Fi wọ́n sínú ṣíbí irin oníhò, kí o rì í sí àárín mẹ́tàlì títí wọ́n fi máa yọ́ tán. Y àti Gd wúwo ju magnẹ́síọ̀mù lọ, ìdí ìkòkò ni wọ́n máa sùn sí bí o bá fi wọ́n sílẹ̀.
3. Gbé ooru dé 780 °C, fi àdàlù zirconium sí i, kí o sì pò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Má ṣe da ojú rẹ̀ rú tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú.
4. Pa gbogbo ìpò, kí o jẹ́ kó tòrò fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 bí ooru ti ń lọ sílẹ̀ sí 750 °C. Dà á sínú mọ́ọ̀dù tó ti gbóná. Fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ìkòkò sílẹ̀, má gbìyànjú láti fún un tán.

Wo ojú mẹ́tàlì náà dáadáa. Bó bá ń dán bí fàdákà, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, gáàsì ń ṣiṣẹ́. Bí èéhù funfun bíi ti òdòdó bá ń yọ níbì kan, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń tàn nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà wọlé níbẹ̀. Fi kún gáàsì kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Àkókò ìtòrò ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Bí kò bá pẹ́ tó, ìdàrọ́ á bá mẹ́tàlì wọ mọ́ọ̀dù. Bó bá pẹ́ jù, zirconium á rì, hóró á sì wú. Bí nǹkan kan bá dá ọ dúró tó wákàtí kan, tún un pò kí o tó dà á. Nítorí iṣẹ́ mímú hóró kéré, ti zirconium ni, kì í ṣe ti rare earth. Ó sì níye lórí: nínú magnẹ́síọ̀mù, pín nǹkan bí 280 MPa sí gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì ìwọ̀n hóró ní máíkírọ́ọ̀nù, wàá rí agbára tí ìwọ̀n hóró ń fi kún un. Hóró 100 máíkírọ́ọ̀nù mú 28 MPa wá, ti 25 mú 56 wá. O ti jèrè ìlọ́po méjì láì tíì gbé e dé ibi ìtọ́jú iná.

Iná méjì

Iná àkọ́kọ́ wà fún ìyòrò. WE43 ń gba 525 °C fún wákàtí 8. Ti Gd 10% ń gba nǹkan bí 500 °C fún wákàtí 8. Fi argon tàbí gáàsì ìdáàbòbò sínú iléru, torí kò yẹ kí magnẹ́síọ̀mù wà nínú afẹ́fẹ́ lásán ní ooru báyìí. Ọ̀pá ìwọn-ooru gbọ́dọ̀ kan ègé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ògiri iléru, nítorí àlàfo tó wà láàárín ìyòrò àti yíyọ́ kéré gan-an. Jẹ́ kó dúró ní 500 °C fún wákàtí 2 kí o tó gbé WE43 dé 525, kí ibi tí rare earth kórajọ sí lè tú ká díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú níbí á rí i lábẹ́ maikirosikóòpù: ààlà hóró á ti yọ́, á sì tún ti dì, pẹ̀lú àmì róbótó-róbótó tó ní ihò láàárín. Ègé bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe.

Láti inú iléru, omi gbígbóná 60 sí 80 °C tààrà. Omi tútù máa ń sán èyí tó nípọn. Afẹ́fẹ́ lásán máa ń lọ́ra jù fún un, rare earth á ti jáde sí ààlà hóró kó tó tutù. Má ṣe jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ láàárín iléru àti omi.

Iná kejì ló ń mú un gbó: 250 °C fún wákàtí 16 fún WE43, nǹkan bí 225 °C fún wákàtí 16 fún Gd 10%. Má kàn gba nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́. Gé ègé 8 tó jẹ́ mìlímítà 10 ní ìhà gbogbo, tọ́jú ọ̀kan, kó 7 sínú iléru, kí o sì máa yọ wọ́n jáde ní wákàtí 1, 2, 4, 8, 16, 32 àti 64. Wọn líle wọn pẹ̀lú ẹrù kílò 5, ojú ibi 10 lórí ègé kọ̀ọ̀kan. WE43 á máa gòkè láti nǹkan bí 70 HV (òṣùwọ̀n líle Vickers) lọ sí òkè 90, á dúró díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí ìlà rẹ bá tẹ́ pẹrẹsẹ láti wákàtí 1 dé 64, iná kejì kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́. Rare earth kò yòrò nínú iná àkọ́kọ́, tàbí kó ti bá MgCl2 lọ.

ZE41 (síńkì 4%, rare earth bíi 1.2%) kì í gba iná àkọ́kọ́ rárá. Àwọ̀n ààlà hóró rẹ̀ kò ní yòrò, ṣe ló máa yọ́. 330 °C fún wákàtí 2, lẹ́yìn náà 180 °C fún wákàtí 16, ó parí.

Wíwo inú rẹ̀

Fi sáńdípépà gbo ó dé 1200, lẹ́yìn náà fi dáyámọ́ǹdì tí a pò mọ́ ethanol dán an. Omi máa ń jẹ ojú magnẹ́síọ̀mù, á sì fi àbààwọ́n tó jọ èérún sílẹ̀. Fi ethanol tó ní ásíìdì nítríìkì 3% nù ún fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí o fi ethanol ṣàn án, kí o sì fẹ́ ẹ gbẹ. Èérún tó ń mú agbára wá kéré ju kí o rí i báyìí lọ. Ohun tí o ń wá ni ìwọ̀n hóró, àti bóyá àwọ̀n ààlà ti pòórá. Ègé onígun mẹ́rin kéékèèké tó ń dán gbinrin káàkiri inú hóró lẹ́yìn iná àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdàrọ́: Y tó ti so pọ̀ mọ́ háídrójìn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, gígùn iná kò sì ní lé wọn lọ.

Bí ọ̀pá ìdánwò bá já kó tó nà 2%, wo ojú ibi tó ti já kí o tó dá àdàlù lẹ́bi. Ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká bí awọ jẹ́ awọ atẹ́gùn tó wọlé nígbà tí a ń dà á: rọra dà á, má jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè. Ojú tó ń dán bí ègé dígí, tó tẹ̀ lé ààlà hóró, jẹ́ ti àwọ̀n tí kò yòrò. Èyí tó bá rí eérú-eérú, tó sì rí kọ́bọkọ̀bọ, mẹ́tàlì náà tẹ̀ díẹ̀ kó tó já. Irú èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná kejì ló ti pẹ́ jù.

Ohun kan ṣì máa ń fara hàn lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. WE54, tí Y rẹ̀ jẹ́ bíi 5.25%, máa ń gbó lọ fúnra rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní àyíká 150 °C. Èérún wínníwínní tuntun á máa jáde, líle á gòkè, ṣùgbọ́n nínà rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe WE43 tí Y rẹ̀ kéré sí i. Bí ohun tí ò ń ṣe bá máa gbé inú ooru bẹ́ẹ̀, kó ọ̀pá ìdánwò mẹ́ta pamọ́ sínú iléru 150 °C fún wákàtí 1,000, kí o sì fà wọ́n já lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tuntun kí o tó fọwọ́ sí i.